Kánsù ló fi gíláàsì yìí ṣe òfin, kí kánsù mú un ṣẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o, ẹ sì kú bí ẹ ṣe ń gbé èdè wa lárugẹ. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín, láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ti máa ń dì í mọ́ ẹrù wá láti Èkó, títí di ìsinsìnyí tí mo ń kà á lórí fóònù. Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni mo ń gbé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí ohun tí kánsù àdúgbò wa, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, fi ojú ìdílé mi rí: wọ́n fi gíláàsì tí ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀ ṣe òfin fún ilé tuntun tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọn kò sì mú òfin náà ṣẹ. Mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ Yorùbá tó nílé ní Peckham, ní Thamesmead, ní Woolwich àti káàkiri ìlú yìí pọ̀, tí irú ọ̀rọ̀ yìí á tó kàn bí kò bá tíì kàn wọ́n.

Ọwọ́ kánsù yìí kan náà ni a ti ra ilé wa. Ayálégbé wọn ni èmi àti ìyàwó mi fún ọ̀pọ̀ ọdún kí a tó lo òfin Right to Buy, èyí tí ìjọba Margaret Thatcher gbé jáde ní 1980 kí ayálégbé kánsù lè ra ilé tó ń gbé ní ẹ̀dínwó. A ti san mọ́géèjì rẹ̀, ìyẹn owó tí a yá láti fi rà á, tán. Ilé alájà méjì ni, ó so mọ́ ti aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Ilé ìdáná ní ìsàlẹ̀ àti yàrá tí a ń sùn ní òkè ló kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn pákó tí a fi ṣe ọgbà ẹ̀yìnkùlé yẹn, àwọn gáréèjì kéékèèké tí kánsù ń fi háyà ló tò síbẹ̀, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju èèyàn lọ.

Ẹ̀yìnkùlé yìí ni ìyàwó mi fi ṣe oko. Tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀ ní gbogbo àsìkò ooru. Ewédú wà nínú ilé gíláàsì kékeré tí mo kàn fún un sí ẹ̀gbẹ́ ògiri nítorí òtútù. Bí oòrùn bá yọ, á gbé àpótí síta, á ró ìró mọ́ àyà, á sì jókòó máa já ẹ̀fọ́, á máa kọrin ìjọ Aládùúrà tó mọ̀ láti kékeré. Ibẹ̀ ni a ti kó àwọn ọmọ-ọmọ wa jáde. Fún èèyàn tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìwòsàn, ibẹ̀ ni ìsinmi rẹ̀ wà.

Kánsù ta ilẹ̀ gáréèjì náà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé tà. Lẹ́yìn náà, ẹ̀ka mìíràn nínú kánsù yìí kan náà jókòó láti pinnu bóyá kí wọ́n gbà kí wọ́n kọ́ fúláàtì alájà mẹ́rin síbẹ̀. Òfin kò kọ̀ ọ́. Wọ́n á ní ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ka tó ń tà, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ka tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, pé wọn kì í gbìmọ̀ pọ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kánsù tó ti gba owó ilẹ̀ sápò, ó yẹ kí ó fi ojú méjèèjì wo ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà.

Ẹ wo bí a ṣe gbọ́. Fún irú iṣẹ́ tí kò tóbi púpọ̀ báyìí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kí kánsù kọ̀wé sí àwọn tó bá ilẹ̀ náà pààlà, tàbí kí ó kàn lẹ ìwé sí ojú ibẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Kánsù wa yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n kì sínú ọ̀rá, tí wọ́n so mọ́ òpó iná ní ẹnu ọ̀nà àwọn gáréèjì, ní òpópónà kejì tí ẹnikẹ́ni nínú wa kì í gbà. Ọjọ́ 21 ni wọ́n fún wa láti sọ tẹnu wa. Obìnrin ará Jàmáíkà tó múlé tì wá, tó máa ń mú ajá rẹ̀ rìn lówùúrọ̀, ló rí i tó wá kan ilẹ̀kùn wa. Ọlọ́run ló lo ajá yẹn fún wa. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ariwo katakata ni ì bá kọ́kọ́ sọ fún wa.

A kọ̀wé. Mo fi téèpù wọn ilẹ̀ náà pẹ̀lú àwòrán tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí kánsù: láti ojú fèrèsé ilé ìdáná mi dé ibi tí ògiri tuntun máa wà, mítà 11 péré ni. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ kánsù ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò láàárín fèrèsé yàrá méjì tó dojú kọ ara wọn ni mítà 18 sí 21, tiwa náà sì kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kò jiyàn. Ó kọ ọ́ sínú àbọ̀ rẹ̀ pé òótọ́ ni, ibẹ̀ ti sún mọ́ wa jù. Àmọ́ ó ní òun ti rí ọgbọ́n tí àwọn máa ta sí i. Gbogbo fèrèsé òkè tó kọjú sí ilé wa gbọ́dọ̀ jẹ́ gíláàsì balùwẹ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ṣùgbọ́n tí ojú kò lè rí òdìkejì rẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ ṣeé ṣí rárá àfi apá tó bá ga tó mítà 1.7 sílẹ̀ yàrá, nítorí ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í dé ibẹ̀. Òrùlé pẹrẹsẹ tó wà lórí apá kan ilé náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di ibi ìjókòó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ó sì wà níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá ṣì dúró.

Gbogbo rẹ̀ wà lákọsílẹ̀. Òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i, kò tilẹ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀. A fara mọ́ ọn, nítorí ilé wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì mọ bó ṣe rí. Àwọn ọmọ tèmi gan-an ń san owó ilé tó ń gba ìdajì owó oṣù wọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ka lẹ́tà yìí kí ó sọ pé mo kórìíra kí ẹlòmíràn rí ibi gbé.

Nígbà tí wọ́n ká ọ̀rá tí wọ́n fi bo ilé náà kúrò, gíláàsì tó mọ́ gaara ni a rí, láti ilẹ̀ yàrá dé òkè àjà, ní gbogbo àjà tó wà lókè. Fèrèsé náà ṣeé ṣí gbayawu. Nígbà tí ooru dé, àga àti agboòrùn ńlá ti wà lórí òrùlé pẹrẹsẹ yẹn, àwọn èèyàn sì ń jókòó síbẹ̀ mutí títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Bí mo bá ń ro ẹ̀kọ ní àárọ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní àjà kejì tó máa ń dúró sí ojú fèrèsé pẹ̀lú ife kọfí rẹ̀. Ó máa ń mi orí sí mi. Ọmọlúàbí ni, èmi náà máa ń mi orí sí i. Kò ṣẹ̀ mí. Owó gọbọi ni òun náà ń san, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé gíláàsì tó ń wò láti inú rẹ̀ kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ibi tó dúró sí, ó ń rí ohun tó wà lórí tábìlì mi, ó ń rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí mo tò sí ẹ̀gbẹ́ síńkì. Àjà tó wà lókè tirẹ̀ ń wo orí ibùsùn wa. A ti ra kọ́tìnì tó nípọn, iná sì ń tàn nílé ìdáná wa ní ọ̀sán gangan.

Ìyàwó mi ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Ní báyìí, ó ń wọ bùbá, ó ń ró ìró, ó ń wé gèlè, kí ó tó lọ já ẹ̀fọ́ ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Kò kọrin mọ́ níbẹ̀. Ọdún tó kọjá, kò gbin ewédú.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Òde bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mo ń tìtorí ojú èèyàn bá kánsù jà, ṣebí inú agbo ilé ni wọ́n bí àwa méjèèjì sí, níbi tí gbogbo èèyàn ti ń rí gbogbo èèyàn. Mo fẹ́ dá a lóhùn níbí, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ló ń rò ó bẹ́ẹ̀. Ojú tó ń wò wá nínú agbo ilé, ojú ẹbí ni. A mọ ẹni tó ni ín. Ìyàwó ilé tó bá kan ìyá mi níbi tó ti ń wẹ̀ á gbé ojú kúrò, bí ó bá sì kọ̀ tí kò gbé e kúrò, baálé wà tó máa pè é jókòó. Àlejò kì í wọ àgbàlá láìké àgò. Ojú tó wà lókè ilé mi lónìí ń pààrọ̀ nígbàkúùgbà tí ayálégbé bá kó jáde. N kò mọ̀ wọ́n, wọn kò mọ̀ mí. Nílùú yìí, kánsù nìkan ló wà nípò baálé yẹn, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí kánsù ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mo fi ẹjọ́ sùn ní ẹ̀ka wọn tó ń bójú tó àwọn tó bá tàpá sí ìwé àṣẹ. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà. Òtútù wọlé, òtútù jáde, kí òṣìṣẹ́ kan tó yọjú. Ibi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí ló dúró sí, ó ya fọ́tò díẹ̀, ó sì wọ mọ́tò rẹ̀. Mo sáré jáde láti bẹ̀ ẹ́ pé kó wọlé wá wo bó ṣe rí láti ìdí síńkì wa. Ó ní òun ti rí èyí tí òun nílò. Nígbà tí èsì dé lórí ímeèlì, wọ́n gbà pé ilé-iṣẹ́ náà ti rú òfin tí àwọn fún un. Wọ́n wá ní lójú tàwọn, kò pọn dandan kí àwọn gbé ìgbésẹ̀ kankan, pé àwọn ti gba ilé-iṣẹ́ náà nímọ̀ràn láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ òfin gíláàsì kúrò. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ti wà níwájú wọn báyìí.

Ohun tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sínú ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń kà yìí gbé yẹ̀ wò. Wọ́n ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo bá jẹ́ gíláàsì balùwẹ̀ tí kò ṣeé ṣí, kò dára fún èèyàn láti gbé. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òótọ́ lónìí, òótọ́ ni lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán ilé náà. Mítà 11 ni wọ́n gbà láàyè nítorí gíláàsì yẹn. Bí gíláàsì bá dára, kí wọ́n fi sí i. Bí gíláàsì bá ba yàrá jẹ́, a jẹ́ pé ilé náà ti sún mọ́ wa jù, kò sì yẹ kí wọ́n fún wọn láṣẹ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí bí kánsù ṣe lè fi gíláàsì gba ilé wọlé tán, kí ó tún wá fi ilé lé gíláàsì jáde.

Kì í ṣe pé ọwọ́ kánsù ò tó o. Town and Country Planning Act ti 1990, òfin tó de ilé kíkọ́ níbí, ní abala 187A, fún un ní agbára láti fún ẹni tó bá rú irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ìwé, pé kí ó tún nǹkan ṣe láàárín àkókò tí kò gbọdọ̀ dín ní ọjọ́ 28. Ẹni tí wọ́n bá fún níwèé yẹn kò lè gbé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ bá mínísítà. Bí ó bá kọ etí ikún, ẹ̀ṣẹ̀ ló dá, ilé-ẹjọ́ sì lè bu owó ìtanràn lé e. Kò wọ́n kánsù lówó púpọ̀. Àmọ́ òfin kò fi ipá mú kánsù láti lo agbára yìí. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi sí. Bí ọdún 10 bá sì kọjá láìsí ẹni tó gbé ìgbésẹ̀, ọwọ́ òfin kò lè tó gíláàsì yẹn mọ́ láéláé.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Bí kánsù bá kọ ẹ̀bẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, ilé-iṣẹ́ náà lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ bá Planning Inspectorate, àjọ ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ilé kíkọ́, kí ẹlòmíràn tún un yẹ̀ wò. Bí kánsù bá gbà á, èmi tí wọ́n ń wo inú yàrá mi kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù fún mi ni kí n sáré lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí n sọ pé kánsù ṣi òfin lò, iye tí lọ́yà sì ń gbà fún un kì í ṣe ti ẹni tó ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Mo lè fi ẹjọ́ sun Local Government and Social Care Ombudsman, ìyẹn àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn tí ará ìlú bá fi kan kánsù. Èyí kò ná èèyàn ní kọ́bọ̀, ó sì lè sọ pé kánsù jẹ̀bi, kí ó ní kí wọ́n tọrọ àforíjì tàbí kí wọ́n san nǹkan. Ṣùgbọ́n kò lè fagi lé àṣẹ tí kánsù bá ti fọwọ́ sí.

Àwọn kan ń tọ́ka mi sí ẹjọ́ Tate Modern. Mo ti kà á dáadáa. Ní 2016, ilé ọnà ńlá yìí tó wà létí odò Thames ní Southwark ṣí ilé tuntun tó fi kún tàtijọ́, ó sì ṣe ibi ìwòran yípo àjà kẹwàá rẹ̀. Àwọn fúláàtì Neo Bankside tí ògiri wọn jẹ́ gíláàsì wà ní nǹkan bíi mítà 34 sí i. Àìmọye àlejò ń dúró níbẹ̀, wọ́n ń wo inú ilé onílé, wọ́n ń yà wọ́n ní fọ́tò. Àwọn onílé pàdánù ní ilé-ẹjọ́ gíga ní 2019, wọ́n tún pàdánù ní kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2020, kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó dá wọn láre ní oṣù kejì 2023, adájọ́ 3 sí 2. Adájọ́ Leggatt ní bí ìgbà tí wọ́n kó èèyàn sí ọgbà ẹranko ni. Inú mi dùn nígbà tí mo ka ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ yìí kan náà ló sọ ọ́ kedere pé kí ẹnì kan kọ́lé, kí fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí tìrẹ, kì í ṣe ẹ̀sùn nílé-ẹjọ́. Pípè tí Tate pe gbogbo ayé wá wòran ló jẹ́ kí tiwọn yàtọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ní òfin tirẹ̀: fèrèsé tó bá ti ń gba ìmọ́lẹ̀ fún ọdún 20 lè ní ẹ̀tọ́ sí i lábẹ́ Prescription Act ti 1832. Kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀ fún àṣírí ilé. Bí kánsù kò bá dáàbò bò ó nígbà tó ń fọwọ́ sí ìwé, kò sí ibòmíràn tí a lè gbé e lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa tó wà níbí, ẹ máa ka bébà tí wọ́n bá so mọ́ òpó iná. Ẹ kọ̀wé kí ọjọ́ tó pé. Ayálégbé náà lè kọ ọ́, kò dìgbà tí èèyàn bá nílé. Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí pé iye owó ilé yín á já wálẹ̀, tàbí pé ẹ ò ní rí ọ̀ọ́kán mọ́, nítorí wọn kì í ka ìyẹn sí. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ ni ojú tó ń wọ yàrá, ìmọ́lẹ̀ tó ń dínkù, ariwo, àti mọ́tò. Ẹ wọn ilẹ̀, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi òfin de ilé náà, ẹ tọ́jú ìwé rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ máa rántí pé ó wà.

Ọ̀rọ̀ mi tó kù dọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó wà nípò kánsẹ́lọ̀ káàkiri Lọ́ńdọ̀nù. A máa ń rí yín lóde wa, a sì ń fi yín yangàn. Kánsẹ́lọ̀ lè bèèrè pé kí wọ́n gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kúrò lórí tábìlì òṣìṣẹ́ wá síwájú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba. Mo ti kọ̀wé sí àwọn kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Mò ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má ṣe gba ẹ̀bẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, kí wọ́n fún un níwèé tí abala 187A sọ, kí wọ́n sì kó àga kúrò lórí òrùlé. Kí wọ́n tó dìbò, kí wọ́n wá sílé wa ní ọ̀sán ọjọ́ tí oòrùn bá ràn, kí wọ́n ká kọ́tìnì ilé ìdáná, kí wọ́n sì dúró sí ìdí síńkì fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ìyàwó mi á ti se nǹkan sílẹ̀ dè wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Fọlákẹ́,
Gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù.